Róbọ́ọ̀tì Kẹ́hìndé kán ní Sùúrùlérè, wọ́n tún fẹ́ kùn ún bíi dánfó

Ìbéèrè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Manchester ni mo wà àmọ́ àwọn ìbejì mi wà lọ́dọ̀ màmá mi ní Sùúrùlérè, họlidé ni wọ́n lọ lò, ọmọ ọdún 11 ni wọ́n. Kẹ́hìndé gbé róbọ́ọ̀tì rẹ̀ dání lọ, Zeta Gundam ti Master Grade, róbọ́ọ̀tì ike ti Japan tí èèyàn máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ tò, èyí tó máa ń yí di bàálù yẹn, ó tó oṣù méjì tó fi tò ó. Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé ni Táyé ní òun fẹ́ yí i di bàálù, ó fipá ṣe é, ìṣó ike kékeré tó di ìyẹ́ kan mú lẹ́yìn bá kán, ìdajì rẹ̀ há sínú ihò. Màmá mi fẹ́ parí ìjà, wọ́n rán ọmọ kan lọ ra súpà gúlúù nísàlẹ̀, wọ́n dà á sí i, ó ṣàn wọ oríkèé èjìká, báyìí apá ọ̀tún ò gbéra mọ́ rárá. Itan náà ti dẹ̀, tí wọ́n bá gbé e dúró á rọra jókòó. Ọjọ́ kẹta rèé tí Kẹ́hìndé ò bá Táyé sọ̀rọ̀. Mo wá pè wọ́n lánàá, Kẹ́hìndé ní tó bá ṣeé tún ṣe, òun ò fẹ́ kó funfun mọ́, òun fẹ́ kùn ún bíi dánfó, yẹ́lò pẹ̀lú ìlà dúdú méjì, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kọjá ní Ojúẹlẹ́gbà ni wọ́n máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn dánfó. Àbúrò mi ọkùnrin ń lọ sí Èkó lọ́jọ́ Ẹtì, ṣé kí n fi sípíréè àti gọ́ọ̀mù tó dáa rán an ni, àbí kí n kàn ra tuntun? Ó gbówó lórí o. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn.

Ìdáhùn:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àfaradà o. Toronto lèmi wà, ọmọkùnrin mi náà ti ń to Gundam bí ọdún mẹ́rin báyìí, ilé bàbá mi ní Èbúté-Mẹ́tta la sì ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ má ra tuntun. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn ló ṣeé tún ṣe, inú Èkó náà ni wọ́n sì ti máa rí ohun tí wọ́n máa lò. Àmọ́ ẹ pe Màmá lálẹ́ òní, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má da nǹkan kan sí i mọ́, pàápàá acetone tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò léèékánná. Ẹnì kan á sọ fún wọn pé òun ló ń tú súpà gúlúù, òótọ́ sì ni, àmọ́ ó ń yọ́ ike náà mọ́ ọn, apá yẹn á di ẹ̀kọ tútù lójú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ike yìí díẹ̀ torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe oríṣi kan ni wọ́n fi ṣe é. Èyí tó wà lára rẹ̀ níta, polystyrene ni. Egungun inú ibi tó ti ń tẹ̀, ABS ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó le jù ti ìta lọ. Róbà grẹ́ẹ̀ tó rọ̀ tó máa ń wà nínú àwọn oríkèé kan, polyethylene nìyẹn. Tí Kẹ́hìndé ò bá tíì da férémù tó gé wọn lára rẹ̀ nù, ó wà lára ibẹ̀, PS, ABS, PE, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Súpà gúlúù kì í di polyethylene mú dáadáa, tó bá jẹ́ ibi róbà yẹn ló ṣàn sí, ìfàmọ́ra díẹ̀ ló wà níbẹ̀, á yọ. Tó bá jẹ́ ABS, ẹ lo fírísà.

Súpà gúlúù tó ti gbẹ máa ń le gan-an, òtútù á wá jẹ́ kó máa fọ́ wẹ́wẹ́ bíi gíláàsì, ìyẹn la fẹ́. Kí wọ́n fi róbọ́ọ̀tì náà sínú láílọ́ọ̀nù kí omi má bàa wọ ọ́, kí wọ́n gbé e sínú fírísà fún bíi wákàtí 3 tàbí 4, tí iná ò bá dúró ládùúgbò Màmá ẹ ní kí wọ́n lọ bẹ ìyá tó ń ta omi tútù nítòsí, àwọn kì í jẹ́ kí fírísà tiwọn yọ́. Tí wọ́n bá gbé e jáde, kí wọ́n tètè mú èjìká yẹn, kí wọ́n rọra yí i sọ́tùn-ún, kí wọ́n yí i sósì, díẹ̀ báyìí, kí wọ́n máa tẹ́tí sí i torí á dún kẹ́ tó bá fẹ́ já. Tí kò bá dún kí wọ́n dá a padà sínú fírísà, kí wọ́n má fipá ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni tiwa tó já. Tó bá ti já, kí wọ́n fi abẹ rọra ha ohun tó kù kúrò, iṣẹ́ àgbàlagbà nìyẹn o, kí wọ́n má gbé abẹ fún àwọn ọmọ.

Ìyẹ́ tó kán yẹn, gọ́ọ̀mù nìkan ò lè gbé e láéláé. Ibi tí wọ́n máa ń gbá mú tí wọ́n bá ń yí i di bàálù ni, gọ́ọ̀mù lásán á tún kán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wáyà ni kí wọ́n fi sí i nínú. Àwọn tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní Balógun àti Ìdúmọ̀tà máa ń ní wáyà idẹ, èyí tó nípọn tó mìlímítà 1 ni kí wọ́n rà, tí wọn ò bá sì lè dé Ìsàlẹ̀ Èkó, kílíìpù tí wọ́n fi ń di ìwé pọ̀ náà á ṣe é. Dírìlì ọwọ́ kékeré, ẹ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ àwọn tó ń tún fóònù ṣe, ẹ ra ẹ̀mú ẹlẹ́nu tínínrín níbẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni gbé dírìlì oníná wá o. Eré rẹ̀ ti pọ̀ jù, ike á gbóná, á yọ́, ihò á di gbagada.

Èyí tó há sínú ihò, kí wọ́n fi dírìlì dá ojú kan sí àárín rẹ̀, kí wọ́n wá yí síkúrù kékeré bíi ti awò ojú wọ ibẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀mú fa síkúrù náà, á fà á jáde tẹ̀lé ara rẹ̀. Mo fẹ́ràn ibí yìí jù, ojú ọmọ máa ń là nígbà tó bá jáde. Lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ sàmì sí àárín gan-an lójú ibi tó kán ní apá méjèèjì, torí tí dírìlì bá yẹ̀ díẹ̀ ìyẹ́ á wọ́, kí wọ́n gbẹ́ ẹ wọlé mìlímítà 4 lápá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gé wáyà mìlímítà 8, kí wọ́n kọ́kọ́ tò ó wò láìsí gọ́ọ̀mù. Tó bá gún, súpà gúlúù bíńtín lẹ́nu igi ìtayín, ó tó. Kí wọ́n wá fi sílẹ̀ ní gbangba títí di ọjọ́ kejì, kí wọ́n má tètè kó o sínú páálí torí èéfín gọ́ọ̀mù yẹn máa ń fi funfun bíi eérú sára ike.

Itan tó dẹ̀, ìyẹn ò le. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi súpà gúlúù tó fẹ́lẹ́ pa ojú ibi tó ń wọ inú ihò, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí wọ́n tó dá a padà, pátápátá mo sọ o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ èjìká á tún wáyé. Tó bá wá le jù, kí wọ́n fi sáńpépà tó kúnná, nọ́ńbà 800, ha á díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí dánfó. Inú mi dùn sí èrò ọmọ yẹn lóòótọ́. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń dàgbà níhìn-ín, tí ọ̀kan nínú wọn wá rí dánfó tó ní òun fẹ́ kí róbọ́ọ̀tì Japan wọ aṣọ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé kò bójú mu. Àmọ́ róbọ́ọ̀tì tó ń yípadà le láti kùn ju èyí tó kàn dúró sójú kan lọ, torí gbogbo ìgbà tó bá ń yí ni ara rẹ̀ ń fara ha ara rẹ̀, ọ̀dà á bó níbẹ̀. Kí wọ́n tó kùn ún, kí Kẹ́hìndé fi pẹ́ńsù kun ara rẹ̀ gbogbo fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, kó wá yí i di bàálù kó tún yí i padà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ibi tí pẹ́ńsù bá ti pa rẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀dà máa bó. Kí wọ́n fi sáńpépà 600 yọ díẹ̀ níbẹ̀, ìwọ̀n tí ọ̀dà máa gbà, kó sì nípọn bíi bébà lásán. Ojú ìṣó àti inú ihò, kí wọ́n má kùn ún rárá. Fáìlì àti búlọ́ọ̀kù tí àwọn tó ń ṣe èékánná ní Tẹ́júoṣó ń lò náà dáa gan-an fún didan.

Sípíréè tẹ́ ẹ ní kẹ́ ẹ fi rán àbúrò yín, wọn ò ní jẹ́ kó wọ bàálù, ohun tó ń gbaná ni, tínà àti gọ́ọ̀mù ike náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà onígò kékeré tí wọ́n fi omi pò, tí wọ́n fi ń kun irú nǹkan báyìí, ni kẹ́ ẹ rà, funfun, yẹ́lò, dúdú, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tó dáa méjì àti másíkíǹ téèpù tó fẹ́lẹ́, ìyẹn kọjá. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń pẹ́ńtì mọ́tò. Èmi ló gbé tọmọ mi lọ, bí mo ṣe ń rí i tí mọ́tò ń dán ni mo ṣe rò pé tiwa náà á dán, ó sì dán lóòótọ́, àmọ́ a ò tú u ká tó kùn ún, tínà mọ́tò wọ inú ABS tó ti fún mọ́ ara nínú oríkèé, ọjọ́ kejì tí ọmọ tẹ orúnkún rẹ̀ ló là sí méjì. Ó dùn mí gan-an torí ọmọ náà ti ní ká dúró, mi ò gbọ́.

Yẹ́lò kì í bo nǹkan, àyà Zeta sì jẹ́ búlúù, tí wọ́n bá kun yẹ́lò lé e tààrà á di àwọ̀ ewé. Funfun lẹ́ẹ̀mejì kọ́kọ́, lẹ́yìn náà yẹ́lò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ. Inú oṣù kẹjọ ni wọ́n wà, òjò máa ń sinmi díẹ̀, August break, kí wọ́n lo ọ̀sán, bí aago 11 sí aago 3, torí ọ̀rinrin Èkó kì í jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ bọ̀rọ̀.

Ìlà dúdú méjì yẹn ló gba ọgbọ́n. Ara dánfó gùn, ìlà náà lọ tààrà. Ti róbọ́ọ̀tì, tí ìlà bá gún nígbà tó jẹ́ bàálù, tó bá dìde dúró, ìlà á já, á fọ́n ká, díẹ̀ lẹ́sẹ̀, díẹ̀ níyẹ̀ẹ́, kò sí ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i. Tèmi ni pé kí wọ́n yàn án ní bàálù, torí ìgbà yẹn ló jọ ọkọ̀. Kí wọ́n yí i di bàálù, kí wọ́n fi pẹ́ńsù àti rúlà fa ìlà náà láti imú dé ìdí lórí gbogbo ẹ̀yà, kí wọ́n wá tú u palẹ̀, kí wọ́n kun ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lẹ téèpù sí etí ìlà náà méjèèjì, kí wọ́n tún fi yẹ́lò pa etí téèpù náà kí wọ́n tó fi dúdú sí i. Tí ohunkóhun bá fẹ́ jò sábẹ́ téèpù, yẹ́lò ló máa jò, ẹnì kankan ò ní rí i, dúdú á wá gún bí ẹni fi abẹ gé e.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ sẹ́yìn, Ṣómólú ni kí wọ́n lọ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí sítíkà tí a lè rí òdìkejì rẹ̀. Lẹ́tà dúdú lórí yẹ́lò ni, kò nílò íńkì funfun, ìyẹn ò ní wọ́n. 1/100 ni Master Grade yín, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà 100 lára ti gidi, sẹ̀ǹtímítà 1 ni lára rẹ̀, lẹ́tà tó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 30 lára dánfó gidi, mìlímítà 3 ló máa jẹ́ lára rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yan ọ̀rọ̀ kúkúrú.

Ìjà wọn ńkọ́, ẹ má gbà kí Kẹ́hìndé dá a tún ṣe. Ìyẹ́ yẹn ò ṣeé gbẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dì í mú kó má mì nígbà tí èkejì bá ń yí dírìlì. Kí Táyé dì í mú.