Ìlu katakata kì í ṣe ohun tí à ń tì wọlẹ̀: ìdáhùn sí àwọn lẹ́tà yín

Láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé nípa òpó ọgbà ni lẹ́tà ti ń wọlé, ìbéèrè tó sì pọ̀ jù nínú wọn dá lórí ìlu ńlá tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn katakata kékeré láti fi gbẹ́ ihò òpó. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi irú ìlu bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Mo ti bà á jẹ́ rí, ó sì ti bà mí lẹ́rù rí. Ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ. Lẹ́tà márùn-ún ni mo mú.

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Mo ra ìlu tó fẹ̀ ní íńṣì 9. Bí mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ńṣe ló kàn ń yí lójú kan, tó ń ha ojú ilẹ̀, kò wọlé. Àbúrò mi ní kí òun gun irin tó gbé e dání, kí ìwúwo òun lè tì í wọlẹ̀. Ṣé kò léwu? (Àgbẹ̀ tuntun)

Ọmọ mi, ó léwu gan-an ni. Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí àbúrò rẹ dán an wò láéláé.

Ṣáàfù PTO tó ń gbé agbára láti ẹ̀yìn katakata lọ bá ìlu máa ń yí ní ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan bí ẹ́ńjìnnì bá sáré dé ìwọ̀n rẹ̀. Ìyẹn ni ìgbà 9 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Gíábọ́ọ̀sì orí ìlu ló ń dín eré yẹn kù sí bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Síbẹ̀, kí èèyàn tó la ẹnu pé "dá a dúró", aṣọ ti wé mọ́ irin. Orí bóòtù kékeré kan tó yọ síta tó láti mú etí ṣòkòtò. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó mú apá ẹ̀wù ọkùnrin kan tó fọwọ́ ti irin náà kó lè dúró gbọn-in. Ẹ̀wù tó ti gbó ló wọ̀, gbígbó tó gbó yẹn ló sì gbà á là: ẹ̀wù náà ya kúrò lọ́rùn rẹ̀ pátápátá, ó kù ú ní singilẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ télọ̀ ni, apá rẹ̀ ni ì bá tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ yẹn, bí ìlu mi bá ti ń yí, ẹni tó jókòó lórí katakata nìkan ló ń wà nítòsí. Gbogbo àwọn yòókù á wà níbi tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 25, ọmọdé kò sì gbọdọ̀ sí lóko rárá.

Wàyí o, ìdí tí kò fi wọlé. Apá ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ katakata kò lè ti nǹkan sísàlẹ̀. Láti ìgbà tí Harry Ferguson, ọ̀gá kan nínú ṣíṣe katakata, ti gbé ìsomọ́ olórí-mẹ́ta (apá irin mẹ́ta tí a fi ń so nǹkan mọ́ ẹ̀yìn katakata) tí a ń lò títí dòní jáde, sókè ni hydraulic rẹ̀, ìyẹn agbára ọ́ìlì tó ń gbé apá náà, ń gbé nǹkan. Tó bá di pé ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìwúwo ohun tó gbé ló ń fà á wálẹ̀. Nítorí náà, ìwúwo ìlu àti mímú eyín rẹ̀ nìkan ló wà láti gbẹ́ ilẹ̀ fún ọ. Pa ẹ́ńjìnnì, yọ kọ́kọ́rọ́, kí o bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ìlu náà. Wàá rí ṣóńṣó kan láàárín, òun ló máa ń kọ́kọ́ wọlẹ̀ tí á sì máa fa ìyókù. Wàá tún rí eyín tí wọ́n fi bóòtù dè sí etí irin. Bí ṣóńṣó yẹn bá ti kújú, tí etí eyín sì ti rí roboto bí orí àtàǹpàkò, ọdún á yípo ọdún, kò ní wọlé. Wọ́n ṣeé yọ, wọ́n sì ṣeé pààrọ̀. Mo ti rí àwọn tó ta odidi ẹ̀rọ nù nítorí eyín méjì.

Bí eyín bá mú tí kò sì tún wọlé, ilẹ̀ ló le. Fi dígà fọ́ ojú ilẹ̀ níbi tí o fẹ́ gbẹ́, kó jìn tó àtẹ́lẹwọ́, da omi kún un, kí o sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èmi a máa lọ bomi sí gbogbo ojú ihò ní ìrọ̀lẹ́, láàárọ̀ ni mo sì máa ń gbé katakata jáde. Bó bá ṣì kù, àwọn kan lára àwọn tó ń ṣe ìlu máa ń ta irin wúwo tí a ń fi bóòtù dè mọ́ ọn. Irin ni kó wúwo síbẹ̀, kì í ṣe èèyàn.

Ẹ̀gbọ́n, ìlu mi há sínú ilẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà ló fà wọlé, ẹ́ńjìnnì sì kú. Ọjọ́ kejì rèé. Bí mo bá ní kí n gbé e sókè, táyà iwájú ló ń kúrò nílẹ̀. (Ẹni tó ti sú)

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Má gbé e mọ́. Bí táyà iwájú bá ti ń kúrò nílẹ̀, ó ku díẹ̀ kí nǹkan ṣẹ́ tàbí kí katakata dojú dé.

Ìlu dà bí skúrù tí káfíńtà ń yí wọ inú pákó. Bí a bá sọ̀ ọ́ sílẹ̀ tó ń lọ láìdáwọ́ dúró, pàápàá nínú amọ̀ tútù, á dẹ́kun gbígbẹ́ ilẹ̀, ara rẹ̀ ni á máa yí wọlé. PTO ọ̀pọ̀ katakata kì í sì í yí sẹ́yìn, nítorí náà ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò lè tú u. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí mi, ṣọ́bìrì ni mo mú, mo sì ń wa ilẹ̀ yí i ká láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Àgbàlagbà kan tó ń kọjá lọ ló fi ohun tí n ó sọ yìí hàn mí.

Pa ẹ́ńjìnnì, fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Yọ ṣáàfù PTO kúrò lẹ́yìn katakata, kí o so ó mọ́ ibì kan kó má bàa máa fì. Wá sípánà páìpù tó tóbi jù lọ tí o bá lè rí, fi di ọ̀pá àárín ìlu mú, kí o sì fọwọ́ yí i sí òdìkejì ibi tó máa ń yí sí. Bí ọwọ́ sípánà bá kúrú, ki páìpù gígùn bọ̀ ọ́. Ìyípo àkọ́kọ́ ló le. Tó bá ti yí lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta, ilẹ̀ á ti dẹ̀ lára rẹ̀. Yọ sípánà náà kúrò. Mo tún un sọ: yọ sípánà kúrò. Lẹ́yìn náà ni kí o tó gun katakata, tan ẹ́ńjìnnì, kí o sì gbé ìlu jáde díẹ̀díẹ̀.

Láti ìsinsìnyí lọ, gbé ẹnu ìlu lé ilẹ̀ kí o tó fi PTO sí i, má sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré. Bí ó bá ti wọlé tó íńṣì 6, gbé e jáde kó da erùpẹ̀ tó kó nù, kí o tún padà sínú ihò. Ó lè dà bí ìfàkókò ṣòfò lójú rẹ. Èmi tí mo lo odidi ọjọ́ kan lórí ihò kan kò rí i bẹ́ẹ̀.

Bàbá wa, bóòtù kékeré tó so ìlu mọ́ ṣáàfù ń já ṣáá. Lọ́jọ́ kan, ó já nígbà 7. Wẹ́dà wa ní kí n fi bóòtù líle sí i. Kí lẹ rí sí i? (Alákatakata)

Má ṣe é. Òun gan-an ni wọ́n dá kó já, kí jíà má bàa fọ́. Èmi náà fi bóòtù líle sí tèmi lọ́dún kan tí mò ń kánjú. Ìlu kọ lu gbòǹgbò igi, bóòtù kò já lóòótọ́, ariwo kan ló dún bíi pé ẹnì kan ju òkúta sínú agolo. Nígbà tí mo da ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì sínú abọ́, eyín jíà mẹ́rin ló bá a jáde. Ọkàn mi bàjẹ́ gan-an, nítorí pé àfọwọ́fà ara mi ni.

Wo orí bóòtù. Èyí tí kò ní ìlà kankan lórí ni Grade 2 (Grade ni ìpele líle irin), irin rẹ̀ rọ̀. Ìlà 3 ni Grade 5, ìlà 6 ni Grade 8. Grade 2 ni ọ̀pọ̀ ìlu ń lò, ṣùgbọ́n ìwé tó bá tìrẹ wá ni kí o tẹ̀ lé. Ra púpọ̀ pamọ́ sínú àpótí irinṣẹ́ rẹ.

Kí ló wá ń já a lọ́pọ̀ ìgbà bẹ́ẹ̀? Wo ihò tí bóòtù ń wọ̀. Bó bá ti fẹ̀, tó ti rí gbọọrọ bí ẹyin dípò róbótó, bóòtù á máa ta síwá sẹ́yìn nínú rẹ̀ títí yóò fi já. Ìyẹn ni iṣẹ́ tó yẹ kí wẹ́dà bá ọ ṣe. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, eré ẹ́ńjìnnì ti pọ̀ jù, tàbí kó jẹ́ pé gbòǹgbò àti òkúta ló pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ yẹn. Níbi tí òkúta bá ti pọ̀, dígà ni mo máa ń fi ṣíwájú, kí ìlu wá tẹ̀ lé e.

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi àti ọmọkùnrin mi la jọ ń ṣe ọgbà ewúrẹ́ wa. Gbogbo ihò wa ló ń dagun, ìlà òpó sì wọ́. Katakata ni àbí àwa? (Ìyá kan)

Ìyá mi, ẹ kú làálàá. Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Apá tó gbé ìlu kì í lọ sísàlẹ̀ tààrà, ńṣe ló ń yí bí ilẹ̀kùn lára ìdè rẹ̀. Bó ti ń lọ sílẹ̀ ni orí ìlu ń sún sẹ́yìn tàbí síwájú, tí ìdí rẹ̀ sì ti wà nínú ihò. Bí ẹ bá rí i pé ó ti ń dagun, ẹ gbé e jáde pátápátá, kí ẹ sún katakata díẹ̀ bí íńṣì kan tàbí méjì, kí ẹ tún sọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀tún tàbí òsì ló ń tẹ̀ sí, katakata ló dúró lórí ibi tó dagun. Ẹ wo apá ìsàlẹ̀ méjèèjì bóyá wọ́n ga dọ́gba, ọ̀kan nínú wọn ṣeé yí gùn tàbí kúrú.

Ní ti ìlà, ẹ na okùn, kí ẹ fi èèkàn kékeré sàmì sí àárín ihò kọ̀ọ̀kan. Òpó igun méjèèjì ni kí ẹ kọ́kọ́ rì. Kí èèkàn àkọ́kọ́ sì tó wọlẹ̀, ẹ béèrè dáadáa bóyá páìpù omi tàbí wáyà iná gba abẹ́ ibẹ̀ kọjá. Ìlu kò mọ ìyàtọ̀ láàárín gbòǹgbò àti wáyà iná.

Ihò mi dára, ó gún, síbẹ̀ òpó ń mì lẹ́yìn òjò mélòó kan. (Olùkàwé)

Amọ̀ ni ilẹ̀ rẹ, àbí? Bí ìlu bá yí nínú amọ̀ tútù, á ra ara ihò náà, á dán bí inú ìkòkò. Omi kò ní rí ibi gbà lọ, erùpẹ̀ tí o dà padà kò sì ní lẹ̀ mọ́ ọn. Fi ẹnu dígà ha ara ihò náà yí ká kí o tó ri òpó. Erùpẹ̀ díẹ̀ tó tú sílẹ̀ tún máa ń kù sí ìdí ihò lẹ́yìn tí ìlu bá jáde. Bu ú kúrò, tàbí kí o gún un kó le, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òpó á rì. Jẹ́ kí bí ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn òpó wà nínú ilẹ̀. Má da erùpẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: da íńṣì 6, gún un títí dígà yóò fi máa ta padà sí ọ lọ́wọ́, kí o tó da òmíràn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni kí o gún jù.