Ọdún ìpìlẹ̀ kí n tó kọ́ ẹlẹ́kitírọ́níìkì: ṣé ọdún tó ṣòfò ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ ọdún 19 ni mí, England ni mò ń gbé. Bàọ́lọ́jì, Jọ́gíráfì àti Lítíréṣọ̀ ni mo ṣe ní A-level, ṣùgbọ́n láti kékeré ni mo ti ń tú rédíò àti fóònù palẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀rọ ẹlẹ́kitírọ́níìkì sì ni ọkàn mi wà. Yunifásítì méjì ní àwọn á gbà mí bí mo bá kọ́kọ́ ṣe ọdún ìpìlẹ̀ (foundation year) kan lọ́dọ̀ àwọn. Bàbá mi ní ọdún kan gbáko ni mo fẹ́ fi ṣòfò, tí màá tún fi jẹ gbèsè. Kí ni wọ́n ń kọ́ gan-an nínú ọdún náà? Ṣé ìwé ẹ̀rí mi á sì tó ti àwọn tó wọlé tààrà?

Ìdáhùn: Bá mi kí bàbá rẹ. Ọ̀rọ̀ gbèsè tí wọ́n sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán, màá dé orí ẹ̀. Ti ìwé ẹ̀rí ló rọrùn jù, ẹ jẹ́ ká mú un kúrò nílẹ̀: ìwé ẹ̀rí kan náà ni. Ọdún 4 ni wàá lò fún BEng, dìgírì àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, dípò 3, tàbí 5 dípò 4 bó bá jẹ́ MEng, èyí tó ní ìpele másítà nínú. Máàkì ọdún ìpìlẹ̀ kì í sí lára èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá First Class lo gbà tàbí Second. Ohun tó yẹ kó o yẹ̀ wò ni bóyá IET, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tiwa, fọwọ́ sí dìgírì tó tẹ̀ lé e. Bó o bá ní i lọ́kàn láti di Chartered Engineer, ìyẹn oyè gíga tí wọ́n fi ń mọ ẹnjiníà tó dáńtọ́, MEng tí wọ́n fọwọ́ sí ni ọ̀nà tó já gaara jù. Ẹni tó bá ní BEng nìkan sábà máa ń ní láti fi másítà kún un. Má sì jẹ́ kí orúkọ tàn ọ́ o: foundation degree yàtọ̀ sí ọdún ìpìlẹ̀, ìwé ẹ̀rí ọlọ́dún méjì tó dá dúró ni.

Kí ni wọ́n ń kọ́? Mátíìsì. Wọ́n á kọ físíìsì, kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ lábù sínú ìwé pẹlẹbẹ wọn, gbogbo rẹ̀ ló sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mátíìsì ni wọ́n torí ẹ̀ dá ọdún náà sílẹ̀.

Ìwọ tó ń tú rédíò, o ti fọwọ́ kan capacitor rí, ìyẹn ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́. Mú èyí tó jẹ́ 100 µF, so ó pọ̀ mọ́ resistor 10 kΩ, ohun tó ń dín bí iná ṣe ń ṣàn kù, kó o wá gbé iná 5 V sí i. Capacitor náà kò ní kún lẹ́ẹ̀kan náà. Iná á kọ́kọ́ sáré wọlé, á wá máa fà bó ṣe ń kún. Bá a bá sọ 10,000 Ω di ìlọ́po 0.0001 F, ìṣẹ́jú àáyá 1 la máa rí. Bí ìṣẹ́jú àáyá 1 yẹn bá pé, capacitor ti gba 63% nínú 5 V, ìyẹn bíi 3.2 V. Bó bá di márùn-ún, ó ti lé ní 99%. Títí débí, ẹni tó ní mítà lọ́wọ́ lè fojú ara rẹ̀ rí i láì lọ sí yunifásítì kankan. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá rẹ bá ní kó o ṣe ẹ̀rọ tó máa tan iná nígbà tí capacitor bá dé 4 V gẹ́lẹ́, ìgbà wo nìyẹn? Logarithm ló máa sọ ọ́: pín 5 V fún 1 V tó ṣẹ́ kù, kó o wá logarithm rẹ̀ (ln 5), kó o sì fi ìṣẹ́jú àáyá 1 yẹn sọ ọ́ di púpọ̀: ìṣẹ́jú àáyá 1.6. Ẹni tí logarithm bá ṣì ń rú lójú á máa da fọ́múlà kọ láì mọ ibi tó ti wá. Orí ọgbọ́n yìí la sì máa ń kọ́ gbogbo ìyókù lé: iná AC, àwọn nọ́ńbà complex, àti bí àmì ohùn ṣe ń gba inú ẹ̀rọ kọjá. 

Mo ti bá àwọn ọmọ ọdún kìíní ṣiṣẹ́ ní lábù. Àwọn tó ti ọdún ìpìlẹ̀ wá sábà máa ń mọ oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń fi bí iná ṣe ń lọ sókè sódò hàn, lò ju àwọn tó gba A-level wọlé lọ. Ọ̀kan nínú wọn fi 41% yege mátíìsì ọdún ìpìlẹ̀, inú rẹ̀ dùn dọ́ba. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá ọdún kìíní, ó wá bá mi pé òun fẹ́ pa kọ́ọ̀sì dà. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Wọ́n ní 40% ló tó, òun náà sì lé 40% bá.

Torí náà, bi yunifásítì méjèèjì léèrè máàkì tí wọ́n ń fẹ́ kí èèyàn tó wọ ọdún kìíní. Ibòmíì ń béèrè ju èyí tí wọ́n fi ń yege lọ, pàápàá nínú mátíìsì, ti MEng sì sábà máa ń ga ju ti BEng. Èyí tó bá ń béèrè máàkì gíga ni èmi á fọkàn tán jù.

Owó ńkọ́? Láti 2025/26, ìjọba ti fi £5,760 ṣe òkè owó ọdún ìpìlẹ̀ fáwọn ẹ̀kọ́ inú kíláàsì. Ìmọ̀ ẹ̀rọ kò sí lára wọn: ní 2025/26, £9,535 ni iye tó pọ̀ jù tí wọ́n lè gbà fún un. Bó bá jẹ́ pé home student, ẹni tó ń san owó táwọn ọmọ ilẹ̀ náà ń san, ni wọ́n kà ọ́ sí, ẹ̀yáwó ìjọba kárí ọdún ìpìlẹ̀ tó wà nínú dìgírì. Ìdá 9% nínú ohun tó bá lé lórí £25,000 tó ò ń gbà lọ́dún ni wọ́n á máa yọ. Ẹni tó ń gba £31,000 á san £45 lóṣù, ohun tó bá sì kù lẹ́yìn ogójì ọdún, wọ́n á pa á rẹ́. Bó bá jẹ́ físà ọmọ ilé ìwé lo fi wà níbẹ̀, ìṣirò mìíràn pátápátá nìyẹn: kò sí ẹ̀yáwó, owó náà sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ọ̀nà kan wà tó ṣeé ṣe kó tẹ́ bàbá rẹ lọ́rùn. Níwọ̀n bó o ti pé 19, o lè ṣe Access to HE Diploma, ìwé ẹ̀rí tí èèyàn lè fi wọ yunifásítì, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ọdún kan. Ẹ̀yáwó tó o bá fi ṣe é, wọ́n á fagi lé e bó o bá parí dìgírì. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo yunifásítì ló ń gbà á fún ìmọ̀ ẹ̀rọ, àwọn tó sì ń gbà á á fẹ́ rí mátíìsì àti físíìsì púpọ̀ nínú rẹ̀. Bi yunifásítì tó o fẹ́ kó o tó forúkọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á, Access ni èmi á yàn. Bí wọn ò bá gbà á, lọ ṣe ọdún ìpìlẹ̀ láì kábàámọ̀.

Kó o tó tẹ ohunkóhun ránṣẹ́ sí UCAS, àjọ tí wọ́n ń gbà béèrè fún yunifásítì, wá ìwé àti bírò. Iná 12 V, resistor 47 kΩ, capacitor 220 µF: ìgbà wo ló máa dé 9 V? Ìṣẹ́jú àáyá 14 ó lé díẹ̀ ni. Bí o kò bá rí bí mo ṣe dé ibẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ka logarithm láti òní, má dúró dìgbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn.