Ẹ má yọ ijó kúrò nínú ìtàn ìyá yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ìyá wa, aládìrẹ ní Ìtòkú, papòdà lóṣù tó kọjá lẹ́ni ọdún 83. Gbogbo àdúgbò ló fẹ́ràn wọn. Wọn kì í fi ijó sákárà ṣeré, bó bá sì wù wọ́n láti lọ sÍbàdàn, ilẹ̀ ò ní í tíì mọ́ tí wọn á fi wọkọ̀, wọn kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń kọ ìwé ètò ìsìnkú. “Ìyá àdúrà, obìnrin jẹ́jẹ́” ló kọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ ní ìyẹn kọ́ ni màmá àgbà àwọn. Kí ni ká ṣe?
— Àbíkẹ́yìn, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ẹ̀yìn ìyá yóò dára. Àwọn ọmọ-ọmọ ni kí ẹ gbọ́ tiwọn.

Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ló tọ́ mi. Ìyá bàbá mi náà ń rẹ aṣọ láró, èékánná wọn ò funfun rí lójú mi. Bí wọ́n bá ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, tí wọ́n dé ibi òpó gbọ̀ngàn Màpó, èyí tó wà lórí òkè n'Íbàdàn, nínú ọnà àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, wọn á dáwọ́ dúró. Wọn á ní, “Mo ti gun òkè yìí rí, èmi nìkan, kí n tó lọ́kọ.” 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà, inú aṣọ ni ìyá bàbá mi tọ́jú ìrìn àjò tiwọn sí. Nígbà tí Yusuf Ọlátúnjí, olórin sákárà, kú ní 1978, wọn ò fọwọ́ kan ìkòkò aró lọ́jọ́ náà. Wọ́n jókòó sí ìloro, wọ́n ń fi ìka lu igbá.

“Arábìnrin olùfọkànsìn” la kọ sínú ìwé ìsìnkú wọn. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi dòní, mi ò rí wọn nínú rẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí àdúrà wà níbẹ̀, ṣebí wọ́n gbà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbọ́n yín kọ Ìbàdàn sí i, kó kọ sákárà sí i. Kí ẹ tó pín aṣọ, ẹ tẹ́ gbogbo rẹ̀ sí àgbàlá, kí ẹ pe àwọn àgbà aládìrẹ tó kù ní Ìtòkú. Kí wọ́n dárúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya ni àbí oníko tí wọ́n fi ìko dì, ta ló rẹ ẹ́, òde wo ni ìyá wọ̀ ọ́ lọ? Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé aṣọ lọ ló gbé ìtàn rẹ̀ lọ.

Ní ti àwọn ọmọ-ọmọ, ẹ má ní kí wọ́n sọ ìwà ìyá. Kí kálukú sọ ọjọ́ kan péré: ibi tí ìyá mú un lọ, ohun tí wọ́n jẹ, ìgbà tí wọ́n tó délé, ẹni tó ń bínú dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà.

Bó bá jẹ́ pé ojú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ̀gbọ́n yín ń wò, ojú wọn náà ni ìyá ti ń jó. Ẹ pe onísákárà wá síbi ìnáwó. Ẹ̀gbọ́n yín ni kó kọ́kọ́ bọ́ sójú agbo.