Nǹkan Oṣù Tó Ń Pẹ́, Ara Tó Sanra, àti Oyún Tí A Ń Retí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Ẹni ọdún 32 ni mí, ẹja yíyan ni mo ń tà ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Mo wọn kílò 98, gíga mi kò sì ju mítà 1.60 lọ. Nǹkan oṣù mi lè pẹ́ tó oṣù mẹ́ta kó tó yọjú, irun sì ń hù sí mi lágbọ̀n. Ó lé lọ́dún mẹ́ta tí a ti ṣègbéyàwó, oyún kò tíì dé. Ìyá ọkọ mi ra tíì kan tí wọ́n ní ó ń fa ikùn wọlé fún mi. Ọ̀rẹ́ mi ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ara fọn tó wà lóde báyìí ló dára jù. Èwo ni kí n ṣe?
Ìyàwó Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà, arábìnrin wa. Kò di dandan kí ẹ di pẹ́lẹ́ńgẹ́ kí ẹ tó lóyún. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin tí ọ̀rọ̀ wọn jọ tiyín, bí ìwọ̀n ara bá fi ìdá 5 sí 10 nínú 100 dín kù, nǹkan oṣù sábà máa ń padà sí ètò. Ní tiyín, bíi kílò 5 sí 10 nìyẹn.

Ọ̀rá tó pọ̀ lára, pàápàá èyí tó wà nínú ikùn, kì í jẹ́ kí ínsúlínì, èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, nítorí náà ara á máa pèsè rẹ̀ ní àpọ̀jù, àpọ̀jù yìí ni yóò sì mú kí ilé ẹyin máa tú họ́mọ̀nù ọkùnrin jáde ju bó ṣe tọ́ lọ. Ẹyin kò ní gbó débi tí yóò fi jáde, irun á sì hù lágbọ̀n. Ó jọ àìsàn ilé ẹyin tí àwọn dókítà ń pè ní PCOS, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ti inú ikùn ni yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ má sì ka àìrí nǹkan oṣù sí ìsinmi, nítorí awọ inú ilé ọmọ tí kò bọ́ bọ̀rọ̀ máa ń nípọn, bó bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè fa jẹjẹrẹ.

Tíì yẹn, ẹ gbé e sílẹ̀. Ewé senna, tó ń mú èèyàn yàgbẹ́, ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn: omi ara ló ń dín kù, ọ̀rá kò kúrò níbì kankan. Abẹ́rẹ́ semaglutide ń dín sísanra kù lóòótọ́, àmọ́ dókítà ni kó kọ ọ́, a sì gbọ́dọ̀ dá a dúró ó kéré tán oṣù 2 kí a tó gbìyànjú oyún. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ abẹ inú ikùn nítorí kí ara lè fọn ni a ń sọ fún pé kó dúró tó oṣù 12 sí 18 kó tó lóyún.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí abọ́ yín. Ẹ dín ẹ̀bà àti fùfú kù sí ìdajì, kí ẹ fi ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja tí ẹ ń tà gan-an dípò. Kí ẹ jáwọ́ nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti málítì tí ẹ ń mu nídìí igbá, torí ṣúgà inú wọn kì í yóni. Ẹ máa fẹsẹ̀ rìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ ọ̀sẹ̀.

Ẹ má dúró dìgbà tí ara bá fọn kí ẹ tó lọ sílé ìwòsàn. Ọdún mẹ́ta ti pẹ́ jù. Ẹ béèrè fún folic acid, ìyẹn fítámì kan tí aláboyún nílò, níbẹ̀, torí ó yẹ kó ti wà lára kí oyún tó dúró, ẹni tó sanra bíi tiyín sì lè nílò èyí tó pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Kí ọkọ yín náà bá yín lọ, kí wọ́n yẹ àtọ̀ wọn wò lọ́jọ́ kan náà.