Ẹ̀yìn báàjì ni kó o kọ́kọ́ wò

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní àwọn ọmọ màmá àgbà tó o ń tọ́jú ní Birmingham fún ọ ní agolo bisikíìtì kan lẹ́yìn tí wọ́n sin màmá náà tán, báàjì mẹ́ta ló sì wà nínú rẹ̀: ọ̀kan onígun mẹ́ta tí wọ́n kọ "On War Service 1916" sí, ọ̀kan ARP (Air Raid Precautions, ètò tó ń dáàbò bo aráàlú lọ́wọ́ bọ́ǹbù ọkọ̀ òfuurufú), ọ̀kan WVS (Women's Voluntary Services, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́). O fẹ́ mọ ọdún wọn, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá ogun kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Rárá o. Onígun mẹ́ta yẹn, Ogun Àgbáyé Kìíní ló bí i. ARP, ti ogun Hitler ni. WVS yẹn ní tiẹ̀ lè má rí ogun kankan rárá. Màá dé orí ẹ̀.

Kó o tó ṣe ohunkóhun, jọ̀ọ́, má fọ̀ wọ́n. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ti ń yún ọ. Báàjì àkọ́kọ́ tí mo rà láyé mi, "On War Service 1915", dúdú ni mo bá a. Mo rántí bí ìyá mi ṣe máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ idẹ nílé, ni èmi náà bá bọ́ sí kíṣíìnì. Ó dán o! Àfi bíi pé àná ni wọ́n rọ ọ́. Ìgbà tí mo yí i padà ni mo rí i pé nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, àwọ̀ búlúù ojú rẹ̀ sì ti ha. Bàbá kan tó ti pẹ́ nídìí òwò yìí yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní kí n máa fi há kọ́kọ́rọ́. Aṣọ rírọ̀ gbígbẹ ti tó. Dúdú tó wà lára rẹ̀ yẹn wà lára iye rẹ̀.

Ó dáa, onígun mẹ́ta. Nígbà ogun yẹn, tí ọkùnrin tí kò wọ aṣọ ológun bá ń rìn lójú pópó, àwọn obìnrin kan á fi ìyẹ́ funfun lé e lọ́wọ́, ìyẹn ni pé ojo ni. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi àti àwọn tó ń rọ ọta gan-an jẹ nínú ẹ̀gàn yìí, bẹ́ẹ̀ ìjọba ò fẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sójú ogun. Ní ìparí 1914, àwọn aláṣẹ ọmọ ogun orí omi bẹ̀rẹ̀ sí í pín báàjì fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ohun ìjà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1915, gbé tiẹ̀ jáde lọ́dún náà. Onígun mẹ́ta wá dé ní 1916, àwọn obìnrin ni wọ́n sì ṣe é fún. Nítorí náà, obìnrin tó ṣiṣẹ́ ohun ìjà ló ni èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ. Màmá tó o tọ́jú ò lè jẹ́ òun, àfi tó bá ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ dáadáa. Ìyá rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ fura sí.

Má jẹ́ kí 1916 yẹn tàn ọ́ o. Ọdún tí wọ́n gbé irú báàjì náà jáde ni, kì í ṣe ọdún tí ẹni náà gbà á. Ọmọbìnrin tó wọ ilé iṣẹ́ ní 1917 ṣì máa gba 1916. Da nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ kọ síwèé báyìí, kí ìka ẹnikẹ́ni tó tún fi pa á.

Tó o bá tún pàdé èyí tí ilé iṣẹ́ aládàáni dá ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀, 1914 sí àárín 1915 ni màá kọ́kọ́ rò ó sí, torí òfin ohun ìjà ti July 1915 ló fòpin sí kí kálukú máa ṣe báàjì tó wù ú.

ARP ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì ná mi lówó jù. Eric Gill, gbẹ́nàgbẹ́nà òkúta tí gbogbo ayé mọ̀, ni wọ́n ní ó ya lẹ́tà yẹn. Èyí tó ní ìkọ́ bí ààbọ̀ òṣùpá lẹ́yìn, ti ọkùnrin ni, ihò bọ́tìnnì kóòtù ló ń gbà wọlé. Èyí tó ní píìnì, ti obìnrin ni. Mú awò tó ń mú nǹkan tóbi, kó o wá òǹtẹ̀, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tí wọ́n ń tẹ̀ sára fàdákà. Kìnnìún tó ń rìn túmọ̀ sí fàdákà gidi. Orí àmọ̀tẹ́kùn túmọ̀ sí pé London ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́tà tó ṣẹ́kù ni ọdún: ní London, A jẹ́ 1936, B 1937, C 1938, D 1939. Àmọ́ oṣù May ni wọ́n ń pààrọ̀ lẹ́tà nígbà yẹn, kì í ṣe January. D lè jẹ́ ti ìgbà àlàáfíà, ó sì lè jẹ́ ti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣubú rèé. Mo rí A lẹ́yìn báàjì fàdákà kan tí wọ́n ní ti àwọn olùtọ́jú aláìsàn ìgbà ogun ni, mo ní 1936 dé nìyẹn, mo san £60. Mi ò wo àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà náà. Ìdákọ̀ró ni, kì í ṣe àmọ̀tẹ́kùn. Ìdákọ̀ró, Birmingham nìyẹn, A ti Birmingham sì jẹ́ 1925. Ìlú ni kó o kọ́kọ́ mọ̀ kó o tó ka lẹ́tà.

Tí tìrẹ ò bá ní òǹtẹ̀ kankan, má banújẹ́. Nígbà tí ogun le, wọ́n yé fi fàdákà ṣe é, irin yẹpẹrẹ ni wọ́n ń lò. Àwọn olówó ń fojú tín-ín-rín wò ó. Èmi ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ fàdákà yẹn, ìgbà tí nǹkan ṣì rọ̀ ni wọ́n pín in. Irin yẹpẹrẹ yẹn ló wà láyà àwọn tó wọṣẹ́ nígbà tí bọ́ǹbù ti ń já. Ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú wọn: E. I. Ekpenyon, ọmọ Calabar tó wá kọ́ òfin, ni wọ́dà ARP ní St Marylebone ní London nígbà yẹn, òun ló ń da àwọn aráàlú sí ibi ààbò lóru.

WVS wá ńkọ́? Adé ni kó o wò. Wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1938, wọn ò sì fi R (Royal, ìyẹn ti ọba) kún orúkọ rẹ̀ títí di 1966, torí náà lẹ́tà mẹ́ta yẹn nìkan ò lè dá ogun mọ̀. Tí orí adé náà bá rí rogodo bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ti ọba ni, ìgbà ogun ṣeé ṣe. Tí àárín rẹ̀ bá tẹ̀ wọnú, ti Ọbabìnrin Elizabeth ni, kò lè ṣáájú 1952. Mo ti ra irú rẹ̀ méjì ní ọjà ọjọ́ Sunday lọ́wọ́ ẹni tó búra pé ìyá òun fi la Blitz já, ìyẹn ìgbà tí àwọn ará Jámánì ń rọ̀jò bọ́ǹbù sí àwọn ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Adé rogodo náà ti padà dé láti 2022 tí Charles jọba, nítorí náà báàjì tuntun tó ń kọ mọ̀nà pẹ̀lú adé rogodo, fura.

Ohun kan tó yàtọ̀ sí báàjì: iṣẹ́ ìtọ́jú lò ń ṣe. Jẹ́ kí àwọn ọmọ náà kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ló fún ọ, kó o sì jẹ́ kí ọ̀gá rẹ mọ̀. Bí wọ́n bá ti ń kọ ọ́, béèrè orúkọ ìyá tó bí màmá àgbà lọ́wọ́ wọn àti ilé iṣẹ́ tó ti ṣiṣẹ́. Má tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká, má sì ju agolo yẹn nù.

Ya ẹ̀yìn ARP náà fún mi lójúmọmọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, má tan fíláàṣì. Tó o bá rí àmọ̀tẹ́kùn àti A, má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni títí a ó fi sọ̀rọ̀.