Ìkànnì Yorùbá fún àwọn ọmọ Lọ́ńdọ́ọ̀nù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé ní Peckham. Ọmọ ọdún 6 wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 12 náà wà. A fẹ́ ṣe ìkànnì tí wọ́n á ti máa tún ẹ̀kọ́ wọn wò nílé. Wọ́n ní ká ṣáà ti fi àwọ̀ mèremère àti àwòrán ọmọlangidi sí i. Ṣé ìyẹn tó?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ, Tíṣà. Kò tó rárá. Ọmọlangidi tó ń dùn mọ́ àbúrò yẹn ni ẹ̀gbọ́n á rí tí á fi ní ti ọmọ ọwọ́ ni, kò sì ní ṣí i mọ́. Ẹ pín in sọ́nà méjì, àmọ́ ẹ má kọ "àwọn kékeré" sórí ọ̀kankan. Orúkọ ẹranko ni kí ẹ fi pè wọ́n.

Ọmọ ọdún 6 kì í ka àlàyé. Yóò kàn máa tẹ ohun tó bá rí ni. Ẹ jẹ́ kí ohùn èèyàn sọ ohun tó máa ṣe fún un, kó sì lè tún un gbọ́. Kí bọ́tìnì tó sẹ̀ǹtímítà 2 níbùú lóròó, kí àyè sì wà láàárín wọn.

Fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé, gan-an ló ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́. Lẹ́tà bí ẹ́ àti ọ̀ kò dá dúró nínú Unicode, ìyẹn àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń gbé àmì ohùn lé ẹ àti ọ lórí. Fọ́ǹtì tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó yọ àpótí òfìfo síbẹ̀. Ẹ lo fọ́ǹtì Andika. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà ni SIL, àjọ kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè, sì torí ẹ̀ ṣe é: "a" àti "g" inú rẹ̀ jọ èyí tí à ń fọwọ́ kọ. Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sójú fóònù àtijọ́ kan, kí ẹ wò ó.

Ẹ má bi ọmọ léèrè orúkọ bàbá tàbí ilé ìwé rẹ̀. Orúkọ ìnagijẹ ti tó. Lábẹ́ òfin UK, tí ìyọ̀ǹda lẹ máa fi gba ìsọfúnni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 lórí ayélujára, òbí ló máa fún yín.

Tó bá kù díẹ̀ kí ẹ ṣí i, ẹ gbé e fún ọmọ méjì mẹ́ta, kí ẹ sì panu mọ́. Ibi tí ìka wọn bá ti dúró ni kí ẹ tún ṣe. Àwọn ìyá wọn ò ní lè ṣe kí wọ́n má sọ̀rọ̀ o. Ẹ ní kí wọ́n dúró níta.