Ẹni márùn-ún nínú ọkọ̀ kámpà: ṣé àyè á gbà wọ́n?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Manchester ni à ń gbé. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ yá ọkọ̀ kámpà, ìyẹn ọkọ̀ téèyàn lè sùn sínú rẹ̀, fún ọjọ́ mẹ́wàá nínú oṣù kẹjọ, ká fi rin àríwá Scotland yíká lójú ọ̀nà NC500. Ọmọ méjì la bí, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èkejì ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyá ọkọ mi máa ti Ìbàdàn wá kí wa lásìkò náà, a ò sì fẹ́ fi màmá sílẹ̀ nílé. Volkswagen California T6.1 ló wu ọkọ mi. Ṣé àyè á gbà wá, ṣé ara á sì tù wá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bò fún wa.

Ìdáhùn: Bó bá jẹ́ ẹ̀yin mẹ́rin ni, ó máa gbà yín, bí ẹ ò bá ti kó ẹrù jù. Ẹ̀yin márùn-ún ò lè wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì kọ́ ló sì kọ́kọ́ dí i lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ìjókòó ni. California tó ní ìdáná nínú sábà máa ń ní ìjókòó mẹ́rin péré tó ní bẹ́líìtì, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Àwọn ọmọ yín ló máa gba tẹ̀yìn, torí òfin Britain ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, tí kò sì tíì ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, máa lo ìjókòó ọmọdé. Kò wá síbi tí màmá máa jókòó sí. Ẹ má ṣe dán an wò láti há wọn sáàárín ọmọ méjì láìsí bẹ́líìtì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí. Ẹni tó ń yá ọkọ̀ máa kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹni mẹ́fà lè sùn nínú rẹ̀, kó sì jẹ́ pé bẹ́líìtì mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Bẹ́líìtì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà.

Ẹ jẹ́ ká wọn ọkọ̀ náà wò. Ó gùn tó mítà 4.9, ó fẹ̀ tó mítà 1.9, gíga rẹ̀ ò sì pé mítà 2 nígbà tí òrùlé rẹ̀ tó ṣeé gbé sókè bá wà nílẹ̀. Gíga yẹn wúlò gan-an, torí irin tí wọ́n fi ń dènà ọkọ̀ gíga níbi ìgbọ́kọ̀sí sábà máa ń wà ní mítà 2.1. Bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ fẹ̀ ní mítà 1.14, ó gùn ní mítà 2. Bẹ́ẹ̀dì tọkọtaya tó wọ́pọ̀ nílé, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àbọ̀, jẹ́ mítà 1.35. Ẹ ó rí i pé ẹ pàdánù sẹ̀ǹtímítà 21, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹni méjì tí kò sanra á sùn, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá yí, èkejì á mọ̀. Bẹ́ẹ̀dì òkè tó wà lábẹ́ òrùlé tó ń dìde fẹ̀ ní mítà 1.2, ó tó ọmọ méjì dáadáa.

Alẹ́ ni ìjà àyè máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ tó lè tẹ́, ẹ ó kọ́kọ́ yọ ìjókòó ọmọdé méjèèjì, ẹ ó kó báàgì tó wà nílẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ tó fa ìjókòó ẹ̀yìn síwájú kẹ́ ẹ sì tẹ́ ẹ gbalaja. Níbo ni báàgì máa lọ? Orí ìjókòó iwájú ni. Àmọ́ orí ìjókòó iwájú yìí kan náà làwọn ọmọ máa gùn kí wọ́n tó dé òkè. Nítorí náà àwọn ọmọ ní láti kọ́kọ́ gòkè, kí báàgì tó tẹ̀ lé e. Bí ọ̀kan bá wá fẹ́ tọ̀ láago méjì òru, ẹ ó tún gbogbo ẹrù yẹn gbé. Ìdí nìyí tá a fi máa ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé àpótí líle wá: báàgì rírọ̀ kan fún ẹnì kan, èyí tó ṣeé tẹ̀ mọ́ ara. Àgọ́ tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni oògùn tó dáa jù fún wàhálà yìí. Inú rẹ̀ ni báàgì, bàtà olómi àti ilé ìgbẹ́ kékeré máa wà. Ó máa ń gba àkókò láti gbé dúró o, pàápàá nínú atẹ́gùn, nítorí náà ẹ sun òru méjì níbùdó ìpàgọ́ kọ̀ọ̀kan dípò kẹ́ ẹ máa ṣí lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ màmá ló ṣe pàtàkì jù nínú ìbéèrè yín. Àgbàlagbà ò lè fẹsẹ̀ tẹ ìjókòó gun bẹ́ẹ̀dì òkè. Bí wọ́n bá sùn nísàlẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíì, ìdìde lóru á nira, torí òrùlé ò ga lápá ẹ̀yìn níbi tí bẹ́ẹ̀dì wà, abẹ́ ìjókòó tàbí inú kọ́bọ́ọ̀dù sì ni wọ́n máa ń ti ilé ìgbẹ́ alágbèéká sí. Fífà á jáde nígbà táwọn tó kù ń sùn kì í ṣe ohun téèyàn ń fi ìyá ẹni ṣe. Irú ilé ìgbẹ́ yìí máa ń gba ìdọ̀tí láti lítà 10 sí 21. Bí ẹni márùn-ún bá ń lò ó, ọjọ́ kan ni, ó pọ̀ jù ọjọ́ kan àbọ̀, ó ti kún. Ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un nìkan lẹ sì lè dà á sí, irú èyí tó máa ń wà níbùdó.

Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ ńlá tí wọ́n kọ́ yàrá lé lórí, tó gùn tó mítà 7, tó ní bẹ́líìtì márùn-ún tàbí mẹ́fà, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́ tó dá dúró. Àyè wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Ìwé ìwakọ̀ ọkọ̀ kékeré tí wọ́n bá fúnni láti ọdún 1997 kò kọjá kíló 3,500. Ẹ jẹ́ ká ní ọkọ̀ náà wọ̀n ní kíló 3,050 pẹ̀lú awakọ̀ àti epo, ó ku 450. Ìyàwó 75, màmá 75, àwọn ọmọ 30 àti 22, ó di 202. Ó ku 248. Lítà omi 100 jẹ́ kíló 100, ó ku 148 fún oúnjẹ, aṣọ, àgọ́, tábìlì, àga àti kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Àpò gaàrí àti ìrẹsì tẹ́ ẹ rò pé kò tó nǹkan wà nínú rẹ̀ náà. Kẹ́ ẹ tó san owó, ẹ bi ẹni tó ni ọkọ̀ léèrè iye tó wọ̀n gan-an àti bóyá omi ti wà nínú ìwọ̀n náà. Bó bá kọjá ìwọ̀n, bíréèkì á pẹ́ kó tó mú, táyà á máa gbóná jù, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn lé yín lórí bí wọ́n bá dá yín dúró.

Ohun kejì tó ń ba ọkọ̀ ńlá jẹ́ ni ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀. NC500, tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí sí Inverness, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 830, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ ọ̀nà tó gba ọkọ̀ kan ṣoṣo, pẹ̀lú àyè kéékèèké téèyàn máa yà sí kí ẹlòmíì lè kọjá. Ẹ má gbé ọkọ̀ mítà 7 gba Bealach na Bà lọ sí Applecross. Òkè yẹn ga tó mítà 626, ó ní kọ́nà líle, àkọlé sì wà níbẹ̀ tó ń kìlọ̀ fún ọkọ̀ ńlá. Ọ̀nà etíkun láti Shieldaig ni kẹ́ ẹ gbà wọ Applecross, kẹ́ ẹ sì gba ibẹ̀ padà.

Ọ̀nà kejì ni àwa fẹ́ràn jù: California Beach tí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ti ẹni mẹ́ta. Ẹ̀yin márùn-ún á jọ rìn, ẹ̀yin mẹ́rin á sùn nínú ọkọ̀, màmá á sùn nínú yàrá tó wà nítòsí ibùdó, níbi tí ilé ìwẹ̀ àti omi gbígbóná wà. Irú Beach bẹ́ẹ̀ kì í ní ìdáná bíi ti èyí tí ọkọ yín rí, ẹ ó gbé sítóòfù àti kúlà dání. Oṣù kẹjọ ni èrò pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ ti san owó yàrá àti ibùdó ṣáájú kẹ́ ẹ tó kúrò ní Manchester. Ẹ má sì gbọ́kàn lé e pé òfin Scotland gba ẹni láyè láti pàgọ́ síbi tó bá wù ú: Land Reform Act ti ọdún 2003 kò kan ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Ẹ má dín ata nínú ọkọ̀. Òórùn epo máa wọ fóòmù àti kọ́tìnì, ẹ ó sì sanwó ìfọṣọ nígbà tẹ́ ẹ bá dá ọkọ̀ padà. Ìta ni kẹ́ ẹ ti dáná, tàbí kẹ́ ẹ se ọbẹ̀ sílẹ̀ nílé, kẹ́ ẹ dì í sí abọ́ pẹlẹbẹ kó dì gbagidi, kó máa tutù nínú kúlà. Tẹ́ ẹ bá so ọkọ̀ mọ́ iná ibùdó, ẹ wo iye ámpù tí wọ́n fún yín. Ámpù 10 kò ju wọ́ọ̀tì 2,300 lọ, kẹ́tù ilé tó jẹ́ wọ́ọ̀tì 3,000 lè gé iná náà. Kẹ́tù kékeré tí kò ju wọ́ọ̀tì 1,000 lọ ni kẹ́ ẹ rà. Níbi tí kò bá síná, fíríìjì á máa fa bátìrì. Bátìrì ámpù-wákàtí 100 tí kì í ṣe lithium, ìdajì rẹ̀ nìkan lẹ lè lò kó má baà bàjẹ́. Fíríìjì máa ń jẹ bíi ámpù-wákàtí 30 sí 40 lóòjọ́, nítorí náà lẹ́yìn ọjọ́ kan àti díẹ̀, ó yẹ kẹ́ ẹ wa ọkọ̀ tàbí kẹ́ ẹ wá iná.

Òtútù òru àti omi tí èémí ń dà sára gíláàsì ló kù. Bí ẹ̀yin mẹ́rin bá sùn tẹ́ ẹ ti gbogbo fèrèsé pa, omi á máa ṣàn lára gíláàsì láàárọ̀, abẹ́ fóòmù á sì rin. Ẹ fi ojú atẹ́gùn kan sílẹ̀ díẹ̀, kí nẹ́ẹ̀tì wà lẹ́nu rẹ̀, torí midges, ọmọ ìyá yànmù-yánmú, pọ̀ bí ìyẹ̀fun níbẹ̀ láti oṣù karùn-ún sí ìkẹsàn-án. Ẹ nu gíláàsì gbẹ kẹ́ ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá ti òrùlé pa nígbà tí aṣọ rẹ̀ ṣì rin, ẹ tún ṣí i lọ́jọ́ náà gan-an kó lè gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa hu funfun. Ẹ lo ẹ̀rọ amóoru tó ń lo epo ọkọ̀, ẹ má ṣe fi sítóòfù gáàsì mú ọkọ̀ gbóná láé. Gáàsì olóró carbon monoxide ò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Kí ẹ̀rọ tó ń pariwo tó bá gbọ́ gáàsì yìí wà nínú ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò níwájú ẹni tó ń yá yín lọ́kọ̀.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ wo ọkọ̀, kí gbogbo yín lọ, màmá náà. Ẹ di bẹ́líìtì mọ́ra, ẹ wá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú báàgì yín nínú ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì ti ilẹ̀kùn bí ẹni pé òjò ń rọ̀. Bó bá gba ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ẹ dín ẹrù kù.